Ẹni Tí Yóò Bá Màmá Míríámù Jiyàn

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ. Ara wa le ní Garland ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹsẹ̀ Albert ọkọ mi ti ń san.

Màmá Míríámù, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ló ká mi lára. Òǹkọ̀wé Júù ni. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ka ewì Yídíìṣì, èdè wọn, fún ara wọn, wọn a sì jiyàn: ṣé Júù tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ṣì jẹ́ òǹkọ̀wé Júù? Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi tí mi ò gbọ́ Yídíìṣì ló wá ń ka ewì náà fún. "Hẹn" nìkan ni mo lè sọ. Ó pariwo pé, "Bá mi jiyàn!" Kí ni kí n ti wí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá Ìbílọlá ọmọ mi sọ Yorùbá lórí fóònù. Tí mo bá pàlọ́ fún un, "hẹn" lòun náà fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ pẹ́ fún mi o. Mi ò fẹ́ di ẹni tí kò rẹ́ni bá jiyàn.

Ọmọ yín,
Fèyísọ́lá