Èèkàn Méjìlá Lójú Ọ̀nà Ìbà

Okokomaiko,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2024.

Ṣọlápé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Abẹ́òkúta níbẹ̀ yẹn? Ṣé òtútù òjò yìí kò mú àwọn ọmọ? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rìn láìwọ bàtà. Ara tèmi náà wà níbẹ̀, àfi orúnkún tó ń dùn mí àti oorun tí kì í kún ojú mi mọ́. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà, kò sì ṣe é sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

O ti gbọ́ pé ìjọba ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa. Ọ̀nà náà kò gùn, kò tó kìlómítà mẹ́ta. Ó ya kúrò lára títì márosẹ̀ Badagry nítòsí Okokomaiko, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gun òkè díẹ̀, ó ṣẹ́ sí apá òsì bí ìgbọ̀nwọ́, ó wá jáde sí Ìbà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọn yóò ri pátákó mọ́ ẹnu rẹ̀: Ọ̀nà Timothy Ògúndáre. Bàbá Bíọ́dún tí o mọ̀ náà ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, inú mi kò dùn sí i rárá. Timothy pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, eyín rẹ̀ pé, kì í lo awò, kì í lo ọ̀pá. Mo fi ọdún méjì kéré sí i, àwọn ènìyàn sì rò pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Bí àwa méjèèjì bá jọ ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á máa kí i, “Bàbá wa! Bàbá wa!” Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni, “Bàbá, ẹ sún díẹ̀.” Ní báyìí, bí àlejò bá fẹ́ wá mi, èmi ni n ó máa fi ẹnu ara mi júwe fún un pé kí ó gba ọ̀nà Timothy.

Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ohun tí mo mọ̀, ǹ bá gbé e mì. Ọdún 1975 la la ọ̀nà náà. Títì Badagry ń bọ̀ nígbà yẹn, àwọn àgbà sì ní kí a wá ibi tí ẹrù oko yóò gbà bá a pàdé. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó ri èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, agboolé kọ̀ọ̀kan á ṣán ibi tó bọ́ sáàárín èèkàn tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bi èèkàn ní ìbéèrè. Timothy ni olórí iṣẹ́, òun ló ń fojú wọn ọ̀nà láti ẹ̀yìn. Èmi ni mò ń gbé èèkàn lọ níwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Timothy kígbe pé kí n máa lọ ní tààrà, ṣùgbọ́n igbó kò jẹ́ kí ó rí mi. Ẹ̀rù ejò omi ń bà mí láti kékeré, bàtà tuntun ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Èèkàn méjìlá ni mo gbé gba apá òsì, tí mo rì sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo ní n ó sọ fún un tí a bá délé. Nígbà tí a délé, àyà mi já, n kò sọ ọ́.

Kí oòrùn tó ga lọ́jọ́ kejì, igi obì méje ti balẹ̀ nínú oko Bàbá Làmídì. Bàbá náà sáré dé. “Ta ló ní kí ẹ gba ibí?” Timothy wo àwọn èèkàn, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Èmi ni, bàbá.” Àwọn àgbà ní kí ó fi oṣù mẹ́ta roko fún Bàbá Làmídì. Inú oko yẹn ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwa méjèèjì fún ìdánwò iṣẹ́ akọ̀wé ní Navy Town. Wọn ò yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi lọ, mo sì rí iṣẹ́ náà. Òun ni mo fi rán ọ níléèwé. Timothy lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé ṣe ìpàdé. Ìṣẹ́gun, alága wa, dìde, ó ní, “Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Gbogbo àdúgbò ló ń kún fún omi, ọ̀nà yìí kì í kún, nítorí pé Bàbá Ògúndáre yí i gba orí ilẹ̀ gbígbẹ.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Timothy ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, “Èmi ni mo yí i! Èmi ni mo gbé èèkàn yẹn!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, “Bàbá Ṣọlápé, ẹ jókòó jàre, a ó fi gọ́tà sọrí yín.” Ṣùgbọ́n Muheez, ọmọ-ọmọ Bàbá Làmídì tó ń ta wáyà ní Alaba, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná. Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n gé obì bàbá wa? Títí di ọjọ́ ikú wọn ni wọ́n ń sọ ọ́.” Ojú Timothy ni mo yíjú sí. Ìgbà náà ni Timothy sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí: “Muheez, má dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó kàn fẹ́ bá mi pín ẹ̀bi náà ni. Èmi ni mo jẹ̀bi nígbà náà, èmi náà ni mo ṣì jẹ̀bi.” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi. Tẹ́lẹ̀, orúkọ tí wọ́n fẹ́ kọ sí pátákó ni mò ń jowú. Ní báyìí, ìwà ọkùnrin náà gan-an ni mò ń jowú, èyí sì ń ta mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti ránṣẹ́ sí Muheez pé n ó wá sílé wọn lọ́jọ́bọ̀, n ó sì sọ ti igi obì àti ti iṣẹ́ Navy Town lójú gbogbo ẹbí wọn. Bóyá wọn yóò lé mi jáde. Bóyá ẹnikẹ́ni kò ní kí mi mọ́ ní àdúgbò yìí. Má rò pé ìwà rere ló ń ṣe mí. N kò kàn lè fara dà á kí Timothy nìkan jẹ́ ènìyàn rere títí a ó fi kú. Awakọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta lónìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kí ó lè tètè dé ọwọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, wá bá mi lọ. N kò lè dá lọ.

Ilé rẹ kò ní tú. Àwọn ọmọ rẹ yóò bá ọ dọ́gbọ́n, wọn kò ní bá ọ dìtẹ̀. Iṣẹ́ tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe, orúkọ rẹ ni wọn yóò máa fi pè é. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Akínwùmí.

Mo gbàgbé: bí o bá ń bọ̀, ọ̀nà náà ni kí o gbà, omi ti dí àwọn yòókù. Wọ́n ti gbé pátákó náà síbẹ̀ de Sátidé. Bí o bá rí i, má wá kà á sí mi létí.