Ìwé Aláwọ̀ Ewé Tí Màámi Kọ Àṣìṣe Sí

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lérò pé ara yín le, pé otútù ibẹ̀ kò sì tíì gé yín létí jẹ. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dáa. Ohun tí wọ́n fojú Màámi rí ń rí mi lára débi pé oúnjẹ kì í wù mí í jẹ mọ́.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ Màámi, àwọn ló ń tẹ ìkéde ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé-iṣẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan á kéde fún àwọn yòókù pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbà dé ọ̀dọ̀ lágbájá," àwọn yẹn á sì gbà á gbọ́ láìwádìí. Lóṣù tó kọjá, Màámi ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, ni gbogbo ohun tó ń lọ sí ọsibítù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń ya wá sọ́dọ̀ wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí Màámi fi rí i. Wọ́n dá a padà, wọ́n fúnra wọn pe ọsibítù náà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń kọ àṣìṣe wọn sí kí ẹlòmíì má baà jìn sí kòtò kan náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọkùnrin kan ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, kéde pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà báńkì kan gbà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn o, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù ni nígbà gbogbo. Kò pe ẹnikẹ́ni. Páásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn ló ń jí kó.

Ìgbìmọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì pe àwọn méjèèjì. Ọ̀gá Màámi gbé ìwé aláwọ̀ ewé lọ síwájú wọn bí ẹni mú olè wá! Ẹlẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, àṣìṣe ni, bíi ti màmá yìí náà." Bíi ti màmá yìí! Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún wọn: oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, bó bá sì tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Wọ́n ní òfin kì í wo inú èèyàn. Ṣé ó dìgbà téèyàn bá rí inú kó tó mọ ẹni tó pe olóhun yàtọ̀ sí ẹni tó sá pamọ́? Màámi sọ fún wọn pé, "Ẹni tó ṣìnà á bèèrè ọ̀nà, olè kì í bèèrè." Kò wọ̀ wọ́n létí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Inú yàrá ìkẹ́rù ni Màámi wà báyìí, wáyà ni wọ́n ń ká.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mi ò tíì sọ fún yín rèé. Èmi ni mo pe Màámi nígbà tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí bàtà tí mo fẹ́ kí wọ́n rà fún mi! Nígbà tí wọ́n gbé fóònù, mo pariwo mọ́ wọn pé wọn ò fẹ́ràn mi. Síbẹ̀, Màámi ò dárúkọ mi níwájú ìgbìmọ̀. Bí mo bá wo dígí báyìí, ojú mi ń rí mi lára ju ti Ẹlẹ́rìn-ín lọ.

Ní Mọ́ńdè, íńtánẹ́ẹ̀tì ibiṣẹ́ wọn kú láti àárọ̀ di ọ̀sán. Gbogbo wọn ń wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú ìwé aláwọ̀ ewé. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹjọ́ ara ẹ̀? Màámi bá gbé ìwé náà wálé. Ìgbà tí mo rí i lórí tábìlì ìdáná ni mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n ṣí ìwé náà síwájú mi, wọ́n na bírò sí mi: "Kọ ọ́." Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Màámi, ohùn yín á tù wọ́n nínú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fi yín wé olè níbiṣẹ́ yín. Ọwọ́ yín ò ní ṣìṣe. Bó bá ṣì, ẹ ó rí ẹni tó máa gbọ́ tẹnu yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín oníjọ̀gbọ̀n.

Àfikún: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí Màámi fi ti ibiṣẹ́ dé. Wọ́n ti dá ìwé náà padà sáyè rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Wáyà, tó dàgbà jù níbẹ̀, ka tèmi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: "Nítorí bàtà!" Ló bá fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sábẹ́ tèmi pé òun lòun pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní Mọ́ńdè. Ọ̀gá ò tíì ṣí i wò. Àyà mi ń já.