Orúkọ Ìyá Oníbàárà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara mi le. Ilé Àǹtí Jemima kún díẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Agbassa fẹ̀ dáadáa, atẹ́gùn sì ń wọlé.

Ẹ bá mi kan sáárá sí ọ̀gá mi, Bùrọ̀dá Olúgbémi. Ọkùnrin kan wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀. Lẹ́tà ẹ àti ọ kò sí lójú kíbọ́ọ̀dù wa. Ọ̀gá mi á tẹ nọ́ńbà tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti há sórí, á tẹ bọ́tìnì Alt mọ́ X, nọ́ńbà náà á sì di lẹ́tà. Ó ní kí ọkùnrin náà pe orúkọ ìyá rẹ̀, kí òun lè fi àmì ohùn sí i.

Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, I no fit call my mama name for mouth."

Mo rò pé ọ̀gá mi á fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn ní, "You try. Call person wey senior am."

Wọ́n bá pe ẹ̀gbọ́n olóògbé ní Igbókòdá lórí fóònù. Bàbá náà ń pe orúkọ ọ̀hún bí ẹni ń kọrin, ọ̀gá mi ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e, àmì kan kò yẹ̀.

Ọ̀gá mi ní bí mo bá mọ àwọn àmì náà tẹ̀ kó tó di Sátidé, òun á gbà mí síṣẹ́, màá sì lè háyà yàrá. Orúkọ yín ni mo fi ń kọ́ ọ. Mi ò pè é o, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn àmì rẹ̀ sì ń dúró dáadáa.

Ẹ bá mi kí Victor àti gbogbo ará etí omi.

Ọmọ yín,
Ìkúnayọ̀