Sí Ìdílé Baba Wákàtí, Ẹni Tó Rí Ìgbì Lókè Sánmà

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ olóògbé,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú nítorí àwọn kan láàárín wa, ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ojú sánmà fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú Baba Wákàtí, ẹnìkejì wa lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ni Baba fi ń lọ sí àgọ́ wa ní ìpẹ̀kun ayé, níbi tí oòrùn kì í yọ fún oṣù méjì gbáko. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lókè réré, òun la fi ń mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe tó. Àṣẹ ọ̀gá àgbà ni pé kí a pa òǹkà gbogbo wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí a pín in lọ́gbọọgba, kí a kọ ẹyọ kan ṣoṣo. Baba ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ti wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tiwọn. Òtútù bó ìka wọn, wọn ò fo wákàtí kan. Báyìí ni wọ́n ṣe rí i pé ooru òkè ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bí omi òkun.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ nípàdé, ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí tí tíì tó ń mu fi dà sí i láyà. Ó ní: "Baba Wákàtí, ṣé ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ lo ti kọ́ ìyẹn? Òkun ló ń kún, afẹ́fẹ́ kì í kún. Lọ nu ojú ẹ̀rọ ẹ!" Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ ló ń bá wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yí i ká wo ojú rẹ̀ ná kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Àwa náà dákẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ilé ìwádìí mìíràn wọn ohun kan náà. Ló bá di pé ọ̀gá wá sunkún nílé yín lọ́jọ́rú, tó ní kí ẹ kó ìwé Baba fún òun. Ológbò kì í bá eku ṣọ̀fọ̀ lásán. Ojú rẹ̀ ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ìwé tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ìyá, ẹ má fún un. Ẹ ti ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún mọ́lé. Akọ̀wé wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti dà wọ́n kọ lójú yín. A ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwádìí wọ̀nyẹn, orúkọ Baba nìkan ni yóò sì wà lójú ewé. Bí ọ̀gá bá fẹ́ lé wa lẹ́nu iṣẹ́, kó lé wa. A ò ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́run tó mọ òkè ju gbogbo wa lọ tù yín nínú, kó bá yín tọ́ àwọn ọmọ, kó má sì jẹ́ kí ẹni tó fi iṣẹ́ bàbá yín rẹ́rìn-ín jogún rẹ̀.