Dókítà Kúlísúmù Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀kánlàwọ́n (1944–1998), Tí Wọn Kò Yọ Ọdún Kan Kúrò Nínú Ọjọ́ Orí Wọn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1944 ni a bí Màmá wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Ìbàdàn. Sàláhúdéènì, télọ̀ tó ń rán aṣọ ọlọ́pàá, ni bàbá wọn. Adùnọlá ni ìyá wọn. Bàbá kọ ọjọ́ ìbí náà sẹ́yìn Kùránì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá wa jiyàn.

Màmá gboyè dókítà ní 1970. Wọ́n fẹ́ Alhaji Jàfárù Ọ̀kánlàwọ́n ní 1971, wọ́n sì fi ọdún méjìdínlógún gbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba.

Ní 1989, ìdílé wa kó wá sí Seat Pleasant ní Amẹ́ríkà. Òfin ìpínlẹ̀ Maryland ni pé dókítà tó kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò, kó sì tún kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù Amẹ́ríkà, kó tó gba láísẹ́ǹsì. Màmá kò bá òfin jà. Wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, wọ́n ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì yege ní 1992. Ibi ìkọ́ṣẹ́ ni Màmá kò rí. Ọsibítù mọ́kànlá ló kọ̀ wọ́n, ọ̀kan sì là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n ti dàgbà jù.

Ó dun Alhaji. Ní 1993, wọ́n ní kí ará ilé kan bá wọn gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní kóòtù ní Ìbàdàn. Ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀pọ̀ wa ló ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ọ́fíìsì. Ìwé náà dé, ó ní 1952 ni wọ́n bí Màmá.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Alhaji, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n mo di dókítà ní 1970. Ṣé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà yẹn? Forty-nine ni mí, period. Kí wọ́n gbà mí bẹ́ẹ̀, àbí kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Wọ́n ya ìwé náà lójú gbogbo wa. Orí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà tó kàn ni wọ́n kọ ọjọ́ orí wọn sí. Ọsibítù kejìlá gbà wọ́n ní oṣù keje 1994. Ọmọdé tó fi díẹ̀ ju àkọ́bí wọn lọ ló ń pàṣẹ fún wọn níbẹ̀. Màmá ń dá a lóhùn "Yes, doctor" láìfajúro. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní oṣù kẹjọ 1997, láísẹ́ǹsì dé. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ní Hillcrest Heights.

Àìsàn ọkàn mú wọn lọ ní ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1998. Ó dùn wá wọra. Wọ́n fi Alhaji sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ méjì, Mùlíkàt àti Ameen, àti ọmọ-ọmọ méjì, Humaira àti Rayyan.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ níbi ìsìnkú pé ọdún mẹ́jọ ni Màmá fi wá iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá. Òótọ́ ni. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n gbẹ̀bí wọn láàárín oṣù mẹ́rìnlá náà. Ẹni tó bá rò pé àṣedànù ni, kó lọ sọ ọ́ lójú àwọn ìyá wọn.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánná ṣe ibùgbé yín, Àbẹ̀kẹ́. Dókítà lẹ dé ìlú yìí, dókítà náà lẹ lọ. Ẹ sùn re.