Adúródomi, Ẹni Tó Mọ Ilé Ẹja Báàsì

Ìròyìn pé wọ́n ti ṣí adágún padà dé ilé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá èbúté fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá. Láti ìkóríta ló ti ń lu aago kẹ̀kẹ́ náà, nítorí ó mọ ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn jù. Ó bá wa níta, a ń to àga fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa. Bàbá ti sùn ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá èbúté ṣí fìlà, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọjọ́ kan ni mo fi pẹ́."

Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ti adágún pa nítorí àìsàn tó wọ inú omi náà, kò sì sí ọjọ́ kan tí Bàbá kò béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà ní apá kejì: ẹbí tó bá ní ààyè ọkọ̀ ní èbúté tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ààyè náà di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá ṣì wà nílẹ̀. Onílé-ìtura kan ti wá wò ó, ó sì fẹ́ rà á. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ kò tíì sọ pé òun yóò wọ inú rẹ̀.

A bí Bàbá ní ọdún 1947, nínú ilé onípákó kan tó kọjú sí adágún. Bàbá rẹ̀ ni olùṣọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sí ìlú. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Òun ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́rin, ìyá rẹ̀ sì máa ń sọ pé òun kò mọ ohùn ẹkún ọmọ náà àyàfi bí òun bá gbé e kúrò lójú fèrèsé tó ti ń wo omi.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954, ó sì kàwé dé ìwé mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan, ekòló jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ń fà lọ lórí tábìlì lójú gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ bi í pé, "Ìwọ, ṣé ìwé lo wá kà níbí ni, àbí ìdẹ lo wá sìn?" Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, méjèèjì ni." Olùkọ́ nà án. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, olùkọ́ náà wá bá a ní etí omi, ó ní kó yá òun ní ìwọ̀ kan.

Báàsì ni ẹja tí Bàbá fi ayé rẹ̀ wá. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ẹja aláwọ̀ ewé ni, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé bó bá yà á, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ohun tó jẹ lánàá. Bàbá ní báàsì inú adágún dà bí onílé tó mọyì ìloro rẹ̀: abẹ́ igi tó wó sínú omi ló ń gbé, tàbí ẹ̀gbẹ́ koríko omi, tàbí ibi tí omi tí kò jìn ti já sí ọ̀gbun lójijì. Nítorí náà kì í ju ìdẹ lé e lórí. "Ta ló ń já òrùlé onílé wọlé lọ kí i?" Ó máa ń jù ú kọjá ilé ẹja, yóò dúró kí òrùka orí omi parẹ́, yóò wá rọra fà á gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ní òwúrọ̀ kùtù, ìdẹ tó léfòó ló ń lò. Bí oòrùn bá ti mú, yóò pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wúwo, tó lè rì dé ibi tútù. Ó ní ìgbà tí ìdẹ bá ń rì gan-an ni báàsì máa ń gbé e, kí apẹja má gbójú kúrò lára okùn.

Ní ọdún 1972, ẹja adágún wọ́n, Bàbá sì kó lọ síbi tí odò ti pàdé òkun, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́. Ó yá ọkọ̀ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń kan ọkọ̀. Ó rí òpó àtijọ́ nínú ọ̀nà omi tóóró kan, ó ní ilé ẹja rèé. Ó so ọkọ̀ mọ́ ọn bó ti ń ṣe ní adágún, ó jókòó. Ẹja kò sí nílé. Kò pẹ́, omi náà jáde nílé. Kí Bàbá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì jìn ju ohun tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ. Ibẹ̀ ló wà láti àárọ̀ títí omi fi padà ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó gba orí afárá kọjá ló sì dúró wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹja orí ilẹ̀ lẹ fẹ́ pa ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń dúró de omi ni."

Bàbá dá gbogbo wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun o. Bí ẹ bá pàdé omi lọ́nà, ẹ bá mi kí i."

Bí orúkọ Adúródomi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà wà lára àwọn tó dúró lórí afárá. Nígbà tí Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà fárí gá: "Ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níbì kan, òun lo fẹ́ fẹ́?" Ọmọbìnrin náà fèsì pé, "Bàbá mi, ọkùnrin tó lè jókòó sínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kó má bú ẹnì kankan, òun ni mo fẹ́ bá gbélé." Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1974. Òun ni Ìyá wa.

Ìyá ló kọ́ Bàbá ní omi náà, Bàbá kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí omi bá ń kún, báàsì á bá a wọ inú esùsú lọ, á fọ́n ká, wàhálà ni láti rí i. Bí omi bá ń fà, àwọn ẹja kéékèèké kò lè dúró, omi á gbá wọn jáde ní ẹnu àwọn ọ̀nà omi tóóró. Ibẹ̀ ni báàsì ń dúró sí, lẹ́yìn òpó tàbí òkúta tó ń bá a dá agbára omi dúró, tó kọjú sí ibi tí oúnjẹ ti ń bọ̀. Apẹja á ju ìdẹ sí òkè omi, á jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ gbé e lọ bá a. Bí omi bá sì dúró láìkún láìfà, ẹ jẹun yín. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Ìyá á fi kún un pé, "Kí omi tó fi ọ́ sílẹ̀, ìwọ fi omi sílẹ̀," á wá wo ojú Bàbá.

Láti ọdún 1981 ni Bàbá ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò lọ pẹja, ní adágún àti níbi tí odò ti pàdé òkun. Ó ń fi rọ́bà bàtà sílípáàsì gbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ìdẹ, kò sì sí bàtà ẹnikẹ́ni tó fọkàn balẹ̀ nínú ilé náà. Èèyàn á ti ilé ìwẹ̀ jáde, á bá ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo. Òfin tó fi ń kọ́ àwọn àlejò ni pé bí ẹja bá fò sókè, kí wọ́n tẹ orí ọ̀pá ìpẹja ba, kí okùn lè dẹ̀. Adájọ́ kan kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Èmi kì í tẹríba fún ẹja." Okùn já. Bàbá wo omi, ó ní, "Olúwa mi, ó ti gba ìtúsílẹ̀." Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ọdọọdún ló sì ń padà wá.

Lásìkò tí báàsì bá ń yé, Bàbá kì í ju ìdẹ sí etí adágún. Akọ ló ń fi ìrù gbálẹ̀ fún ẹyin, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ lẹ́yìn tí abo bá ti lọ. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ibẹ̀ ló ń bù ṣán, nítorí náà ó rọrùn púpọ̀ láti mú. Àwọn apẹja mìíràn ń pe Bàbá ní ọ̀lẹ. Ó ní, "Iṣẹ́ ilé ló ń ṣe yẹn. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀." Òun náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1992, nígbà tí Ìyá lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́. Bàbá ló ń wẹ ọmọ, tó ń dirun, tó ń se ìrẹsì tó ń jó nísàlẹ̀ tí kò jinná lókè. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ láìráhùn.

Bàbá jẹ́ olùfọkànsìn. Ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé, ni tirẹ̀ nínú ilé àdúrà. Oníwàásù dúró láàárín ìwàásù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Adúródomi, ṣé èmi lẹ ń wò ni àbí omi?" Bàbá ní, "Ẹ̀yin ni mò ń gbọ́, àlùfáà. Omi ni mò ń wò." Nígbà tí adágún ṣàìsàn, òun ló kó àwọn apẹja jọ láti máa wa koríko tó bo ojú omi kúrò, ó sì ń lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ yìí ni àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ fún un níbi tí odò ti pàdé òkun. Ọmọ tó máa ń ka ìtàn àròsọ tó yá lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni, ó sì ń kà á nínú ọkọ̀. Bàbá kò bá a wí rí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Bí omi bá yí padà, pa ìwé dé." Ní ọdún tó kọjá, Bàbá béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ lórí oúnjẹ pé, "Bí wọ́n bá ṣí adágún, ta ni yóò mú ọkọ̀ lọ?" Àwọn ọmọ ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn. Kò tún béèrè mọ́. Kì í fa okùn kí ẹja tó gbé ìdẹ dáadáa.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá èbúté lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹbí jókòó sọ̀rọ̀ náà. Àkọ́bí fẹ́ kí a ta ọkọ̀, kí àbíkẹ́yìn wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní ìlú, kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún un, ó kan pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri. Inú rere ló fi ṣe é, gbogbo wa la sì mọ̀. Ó ní, "Omi kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin tó dá wà." Ìyá gbójú sókè: "Ta ló kọ́ bàbá rẹ?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín. Ìyá wá yíjú sí àbíkẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ náà, má torí mi dúró o. Èmi kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ òpó. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe, ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́ jáde." Àbíkẹ́yìn ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun kọ ìtàn Bàbá tán.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ nínú oorun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Ìyá ń ṣí aṣọ fèrèsé fún un. Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìyá wa. Àkọ́bí, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, àti aya rẹ̀. Ọmọ kejì, nọ́ọ̀sì, àti ọkọ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn tó kọ ìtàn yìí. Àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, tó fi mọ́ Ẹlẹ́nu Kékeré, tí Bàbá fi orúkọ irú báàsì kan tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ pè nítorí bó ṣe ń jẹun. Àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan, tó ṣì ń gbé ní ilé onípákó náà.

Bàbá rere, apẹja tó mọ ìgbà tí kò yẹ kó pẹja, sùn re o. Kí ilẹ̀ tẹ́ ọ lára, kí ibi tí o lọ tù ọ́ bí òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ lórí omi. Ọlọ́run yóò dúró ti Ìyá, yóò sì dá gbogbo ẹ̀yin tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ padà sílé láyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi àkọ́bí, mo ti kọ ọ́ tán. Ẹ ṣeun fún yàrá náà àti fún pẹpẹ ìwé, inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ. Mi ò ní bá yín lọ. Kì í ṣe nítorí Ìyá. Iṣẹ́ náà ló wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ọkọ̀. Orúkọ mi ni kí ẹ fún ọ̀gá èbúté.