Àga Ẹ̀gbẹ́ Àgbá Omi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí onílé yín tó ń fi ojoojúmọ́ rojọ́ omi ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi ti fi í sílẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló gbé mi dé orí ìwé. Ibà tún dá wọn dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Gbogbo wa la ti ń di ẹ̀bi ru oòrùn, nítorí aṣọ tí wọ́n ń bá aráyé fọ nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí o fi ra àga, tí o ní kí wọ́n máa jókòó síbòji. Ṣùgbọ́n ibòji kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ àgbá omi òjò tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ funfun ni.

Nọ́ọ̀sì wá sílé, ó yọjú wo àgbá, tanwíjì ń jó nínú rẹ̀ yìì. Ó ní, "Màmá, oòrùn kì í fa ibà. Ẹ̀fọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ oníbà, tó ń gbé àìsàn náà fún ẹlòmíràn. Ibí ni wọ́n ti ń dàgbà."

Mo da omi náà nù. Màmá tún gbé àgbá sójú òjò. Mo ní kí wọ́n wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n fèsì pé, "Ọmọ mi ló ní kí n jókòó síbí."

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Ìwọ lo ní kí wọ́n jókòó, ìwọ náà ni kó o ní kí wọ́n dìde.

Ọ̀nà rẹ ò ní dí. Lọ́jọ́ tí o bá wálé, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n á fi wá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin